Bí A Ṣe Ń Rìnrìn-Àjò Tí A sì Ń Pàgọ́ Láìséwu Nínú Igbó Tí Béárì Ń Gbé

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí ó sì sun òru mélòó kan nínú igbó àwọn òkè Rocky, ní Alaska, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà tàbí lórí àwọn òkè Sierra Nevada ní California, ilé béárì ló ń lọ. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fa wàhálà láàárín béárì àti ènìyàn: ìbápàdé òjijì lójú ọ̀nà, àti òórùn oúnjẹ ní ibùdó. Nítorí náà, kí a tó fojú kan ẹranko náà rárá ni a ti ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ààbò wa, nínú bí a ṣe di ẹrù, bí a ṣe rìn, ibi tí a ti dáná àti ibi tí a kó oúnjẹ sí ní alẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ púpọ̀ ju ìjà lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

1. Ẹ mọ irú béárì tó wà níbi tí ẹ ń lọ

Oríṣi méjì ni arìnrìn-àjò sábà máa ń pàdé ní Àríwá Amẹ́ríkà: béárì dúdú, àti béárì búráùn tí wọ́n ń pè ní grizzly ní àárín ilẹ̀. Ẹ má fi àwọ̀ dá wọn mọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ béárì dúdú ló ní àwọ̀ búráùn, àwọn mìíràn sì pọ́n tàbí kí àwọ̀ wọn jọ koríko gbígbẹ. Èjìká ni kí ẹ wò. Grizzly ní iké tó yọ sókè láàárín èjìká méjèèjì, iṣan tó fi ń gbẹ́ ilẹ̀ sì ni iké náà. Ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ láàárín iwájú orí àti imú, etí rẹ̀ kúrú, ó sì rí roboto, èékánná ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì gùn débi pé àmì wọn máa ń hàn níwájú ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Béárì dúdú kò ní iké yẹn, imú rẹ̀ lọ tààrà láti iwájú orí, etí rẹ̀ gùn díẹ̀ jù, èékánná rẹ̀ sì kúrú, ó tẹ̀ kọdọrọ, èyí tó jẹ́ kí igi gígùn rọrùn fún un.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe bí ọ̀kan bá kọlù ú kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe bí èkejì bá kọlù ú. Ní California, béárì dúdú nìkan ló kù nínú igbó. Ní Yellowstone àti Glacier, tí wọ́n jẹ́ ọgbà ẹranko tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀, àwọn méjèèjì ló wà. Béárì funfun ti etí òkun Arctic kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ níhìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá ń lọ sí ilẹ̀ rẹ̀ nílò amọ̀nà tó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà.

Ìgbà tí a wà nínú ọdún náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ béárì ń jáde láti inú ihò tí wọ́n sùn sí nígbà òtútù, ebi sì ti pa wọ́n. Láti ìparí ìgbà ooru títí di ìgbà ìwọ́wé, wọn a máa jẹun lójoojúmọ́ bí ẹni pé oúnjẹ fẹ́ tán láyé, nítorí ọ̀rá tí wọn yóò fi sun oorun òtútù ni wọ́n ń kó sára. Ní àkókò yẹn, ibi tí èso wẹ́wẹ́ bá ti pọ́n, tàbí odò tí ẹja salmon bá ti ń gòkè, ni ẹ ó ti rí wọn, wọn kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da àwọn láàmú.

2. Ẹ béèrè òfin ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra

Òfin yàtọ̀ láti ọgbà kan sí òmíràn, ẹni tó bá sì fi òfin ibì kan rìn níbòmíràn lè jẹ̀bi láìmọ̀. Ní Yellowstone, tí ìjọba Amẹ́ríkà ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1872, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó sun inú igbó mọ́jú, ẹ kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ béárì ju nǹkan bí mítà 91 lọ. Ní Denali ní Alaska, ìwọ̀n yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 275. Ní Yosemite, àgbá oúnjẹ tí béárì kò lè ṣí jẹ́ dandan fún ẹni tó bá máa sun inú igbó, ṣùgbọ́n wọ́n ka agolo ata tí a ń fín sí béárì léèwọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Yellowstone àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà fúnra wọn ló ń gba àlejò níyànjú pé kí wọ́n mú un dání.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ igbó, ẹ yà ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: ibo ni wọ́n ti rí béárì láìpẹ́ yìí, ọ̀nà wo ni wọ́n ti tì, àti báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí a tọ́jú oúnjẹ ní ibùdó tí ẹ ó sùn. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà kan, ó lè jẹ́ pé òkú ẹran wà níbẹ̀ tí grizzly ń jẹ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fo ìdènà náà kọjá. Ẹ fi ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti ọjọ́ tí ẹ ó padà tó ẹnìkan létí, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sábà dé inú igbó wọ̀nyí.

3. Ẹ ra agolo ata, kí ẹ sì kọ́ bí a ṣe ń lò ó

Níbi tí òfin bá ti gbà á láyè, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ igbó grizzly láìní agolo ata yìí. Èròjà tó ń mú ata ta ẹnu ni wọ́n fún sínú rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń fi agbára tì í jáde. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìkùukùu pupa kan yóò tàn ká níwájú yín, béárì tó bá sì sáré wọ inú rẹ̀, ojú yóò máa ta á, imú rẹ̀ yóò kún, èémí yóò sì ṣòro fún un. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ara rẹ̀ á balẹ̀, kò sì ní bá a títí ayé. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ní Alaska fi hàn pé nígbà tí wọ́n fín ata náà sí béárì búráùn, ó jáwọ́ nínú ohun tó ń ṣe nínú ìgbà 92 nínú 100, àti pé nínú àwọn tó lo ata náà nígbà tí béárì sún mọ́ wọn, 98 nínú 100 ni kò fara pa.

Ẹ rí i dájú pé èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ti béárì ni ẹ rà. Ata tí àwọn ènìyàn ń mú rìn ní ìgboro nítorí olè kéré jù, kò sì lè dé ibi tó yẹ kí ó dé. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbọ́dọ̀ wà lára agolo náà. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń tì í jáde máa ń dín kù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Wọn kò gbà á láàyè nínú ọkọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ nínú àpò tí ẹ gbé dání tàbí nínú ẹrù tí ẹ fi sábẹ́ ọkọ̀, nítorí náà ẹ rà á nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, nítorí pé ó lè bú gbàmù bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 49 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Agolo tó wà ní ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀yìn kò wúlò fún ohunkóhun, nítorí béárì tó bá yọ láti inú igbó kì í dúró kí a tú àpò. Ìgbàdí tàbí okùn àpò tó gba àyà kọjá ni kí ẹ so ó mọ́, níbi tí ọwọ́ yín lè dé láìwo ibẹ̀. Wọ́n máa ń ta agolo ìdánrawò tí kò ní ata nínú. Ẹ fi kọ́ ọwọ́ yín kí ẹ tó lọ. Ẹ fa agolo yọ nínú àpò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ fi àtàǹpàkò fa ike kékeré tó dènà ibi títẹ̀ kúrò sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ kejì ti agolo náà lẹ́yìn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ṣe é títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í rántí ohun tí ojú kà lára agolo.

Bí béárì bá ń sáré bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fín in nígbà tó bá kù bíi mítà mẹ́sàn-án sí méjìdínlógún. Ẹ dojú agolo kọ iwájú ẹranko náà, kí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kí ìkùukùu náà lè ga sókè sí ojú rẹ̀ bó ṣe ń wọlé sínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wò ó, kí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́ bí kò bá yà. Afẹ́fẹ́ lè gbé díẹ̀ padà sójú yín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹ má fín in. Bí ó bá ti yí padà lọ, ẹ kúrò níbẹ̀ kíá.

Ó yẹ kí n kìlọ̀ nípa àṣìlò kan tó wọ́pọ̀. Àwọn kan máa ń fín ata yìí sára àgọ́ tàbí sára aṣọ, bí ẹni fín oògùn ẹ̀fọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òórùn ata tó ti gbẹ sórí nǹkan kì í lé béárì. Ó lè fà á wá ni.

4. Ẹ ka gbogbo ohun tó ní òórùn sí oúnjẹ

Imú béárì mú ju ti ajá lọ. Ohun tí imú tiwa kò gbọ́ rárá, béárì ti gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé oúnjẹ, mo ń sọ nípa ọṣẹ ìfọyín, ọṣẹ ìwẹ̀, lọ́fínńdà, ìpara tí a fi ń dènà oòrùn, oògùn ẹ̀fọn, oògùn ikọ́ tó dùn lẹ́nu, ìkòkò tí a fi dáná, sítóòfù, ọ̀rá tí a fi di bisikíìtì, àti gbogbo pàǹtírí pátá. Àwọn obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kò ní láti fagi lé ìrìn-àjò wọn. Kí wọ́n kàn di èyí tí wọ́n ti lò sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì kó o pẹ̀lú àwọn nǹkan olóòórùn yòókù. Ẹ tú àpò aṣọ wò lálẹ́. Ṣingọ́ọ̀mù kan tó ṣẹ́kù sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ wọ̀ sùn ti tó láti mú kí béárì fi èékánná ya àgọ́ yín.

Ọ̀nà tó dára jù láti tọ́jú wọn ni àgbá oúnjẹ, ike líle roboto kan tó máa ń wúwo tó bíi kìlógíráàmù kan, tí ìdérí rẹ̀ ń fẹ́ ìka ènìyàn tàbí kọ́ìnì kó tó ṣí. Nítorí pé ó rí roboto tó sì ń dán, ẹnu béárì kò lè gbá a mú dáadáa. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní IGBC, tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1983 nítorí grizzly, ló ń fọwọ́ sí àwọn èyí tó dára. Ní ìlú West Yellowstone ní Montana ni wọ́n ti ń kó wọn fún béárì gidi pẹ̀lú oúnjẹ nínú, kí wọ́n lè mọ èyí tí yóò fọ́ àti èyí tí kò ní fọ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè bóyá ó wà lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọgbà ló tún ń yá àlejò ní tirẹ̀.

Ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń gbé àgbá náà sí, kì í ṣe orí igi. Ẹ má ṣe gbé e sẹ́bàá ọ̀gbun tàbí odò, nítorí béárì yóò yí i kiri. Ẹ má sì so okùn mọ́ ọn, torí pé okùn ni béárì yóò fi wọ́ ọ lọ. Ohun tí mo tún rí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tafàlà sí ni ìdérí: wọ́n á ṣí i láti mú nǹkan kékeré kan, wọn a sì gbé e lé e lásán láìtì í. Àgbá tí a kò tì pa kò sàn ju àwo oúnjẹ lọ.

Bí ibùdó bá ní òpó tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún fífi oúnjẹ kọ́, bí wọ́n ṣe ní in ní ọ̀pọ̀ ibùdó inú igbó Yellowstone, ẹ lè kó oúnjẹ sínú àpò kí ẹ sì fi okùn fà á gòkè. Ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà mẹ́ta sí ilẹ̀, kí ó sì jìnnà tó mítà kan àti díẹ̀ sí ara igi tàbí òpó. Níbi tí kò bá sí òpó, rírí ẹ̀ka igi tó bá ìwọ̀n yẹn mu ṣòro gan-an, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ó sì ti rẹ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àgbá jù.

Ìtàn wà lẹ́yìn òfin wọ̀nyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, ní ọgbà Glacier ní Montana, grizzly méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pa ọ̀dọ́bìnrin méjì ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọ̀kan nínú ibi méjèèjì, wọ́n ti ń da ìyókù oúnjẹ síta fún béárì kí àwọn àlejò lè máa wò wọ́n. Ní èkejì, béárì náà ti ń wọ ibùdó àwọn ènìyàn láti wá oúnjẹ kí ó tó di ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún bí wọ́n ṣe ń ṣe pàǹtírí nínú àwọn ọgbà ṣe, tí wọ́n sì ti àwọn ààtàn tí béárì ti ń jẹun pa. Béárì tó bá ti mọ̀ pé àgọ́ ènìyàn ni oúnjẹ wà kì í gbàgbé. Yóò máa padà wá, yóò máa gbójú sí i, nígbẹ̀yìn àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni yóò pa á. Ó dùn mí púpọ̀ nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀, torí pé ẹni tó fi oúnjẹ sílẹ̀ ti padà sílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

5. Ẹ jẹ́ kí béárì gbọ́ yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

Bí béárì bá gbọ́ pé ènìyàn ń bọ̀, ó sábà máa ń yà kúrò lọ́nà láìjẹ́ kí ẹ rí i. Èyí tí a bá kò lójijì ní kọ́nà, pàápàá abiyamọ tó kó ọmọ lẹ́yìn, ni ewu wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹ ṣe ń rìn, ẹ máa pàtẹ́wọ́, ẹ máa ké sí ara yín, pàápàá nígbà tí ọ̀nà bá fẹ́ yí kọ́nà, tí igbó bá dí, tí odò bá ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tàbí tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ kọjú sí yín, nítorí pé nírú àwọn ibi wọ̀nyẹn béárì kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ yín, kò sì ní gbọ́ òórùn yín. Agogo kékeré tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò kì í dún tó. Ohùn ènìyàn ló dára jù. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin kúrò létí.

Ẹ rìn ní ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì jìnnà síra yín. Àwọn ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sáré síwájú. Ẹ yẹra fún ìrìn àfẹ̀mọ́júmọ́, ìrọ̀lẹ́ àti òru, torí pé àkókò náà ni béárì ń jẹ̀ kiri jù. Ajá tó bá sáré lọ gbó béárì máa ń sá padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀, béárì a sì tẹ̀ lé e. Ìdí mìíràn nìyẹn tí Yellowstone kò fi gba ajá láyè ní ojú ọ̀nà inú igbó rárá.

Ẹ máa wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbẹ́ tútù tí èso wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, òkúta tí wọ́n ṣí dànù, kùkùté tí wọ́n fà ya láti wá kòkòrò inú rẹ̀, ipa èékánná lára èèpo igi: béárì wà ní tòsí nìyẹn. Bí ẹ bá rí òkú ẹran, tàbí tí ẹ bá gbọ́ òórùn rẹ̀, tàbí tí ẹ rí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ìwò tó ń yí ibì kan po, ẹ má ṣe lọ wò ó. Grizzly a máa da iyẹ̀pẹ̀ bo ẹran tó bá pa, a sì dùbúlẹ̀ sí tòsí rẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ọ̀nà tí ẹ gbà wá ni kí ẹ gbà padà, kíá, láìsáré.

6. Ẹ pín ibùdó sí mẹ́ta

Ẹ má ṣe pàgọ́ sí ojú ọ̀nà, sí etí odò tí ẹja pọ̀ sí, sí àárín èso wẹ́wẹ́, tàbí sí ibi tí ẹni tó sùn síbẹ̀ ṣáájú yín ti da oúnjẹ nù. Bí ẹ bá ti rí ibi tó mọ́, ẹ pín in sí ibi mẹ́ta: ibi tí ẹ ó sùn, ibi tí ẹ ó ti dáná kí ẹ sì jẹun, àti ibi tí ẹ ó kó oúnjẹ pamọ́ sí. Kí ibi ìdáná àti ibi ìpamọ́ jìnnà tó nǹkan bí 90 mítà sí àgọ́. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí òórùn ọbẹ̀ má bàa máa gba orí àgọ́ kọjá.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ọjọ́ kò bá tíì lọ jù: ẹ dúró dáná lójú ọ̀nà ní nǹkan bí aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ àjẹyó, ẹ fọ ìkòkò, kí ẹ sì tún rìn fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó pàgọ́. Òórùn oúnjẹ ti ṣẹ́kù sẹ́yìn, ibi tí ẹ ó sùn sì mọ́.

Ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán ni kí ẹ sè. Ẹ sẹ́ omi tí ẹ fi fọ àwo, ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ọ̀rá pàǹtírí, kí ẹ sì da omi náà sí ibi tó jìnnà sí àgọ́ àti odò. Ẹ má ṣe rí ìyókù mọ́lẹ̀, torí pé béárì yóò hú u. Ẹ má sì dáná sun ún, nítorí pé eérú ọ̀rá àti egungun ṣì ní òórùn. Aṣọ tí ẹ wọ̀ dáná kò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́. Ẹ kó o síbi tí oúnjẹ wà.

Inú àgọ́, agolo ata àti tọ́ọ̀ṣì ni kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ yín, kí gbogbo yín sì mọ ibi tí wọ́n wà nínú òkùnkùn.

7. Bí ẹ bá rí béárì

Bí kò bá tíì rí yín, ẹ rọra padà sẹ́yìn, kí ẹ sì yí gba ibòmíràn tó jìnnà. Bí ó bá ti rí yín, ẹ dúró. Ẹ má sáré. Béárì lè sáré tó kìlómítà 56 ní wákàtí kan, kò sì sí ènìyàn tó lè sá fún un. Sísá a tilẹ̀ máa jẹ́ kó lé yín bí ẹran ọdẹ. Igi gígùn kì í ṣe àbò, nítorí béárì dúdú mọ igi gùn dáadáa, grizzly náà sì lè gùn ún. Ẹ gbé ọmọdé mọ́ra, ẹ sún mọ́ra yín, ẹ fa agolo ata yọ, kí ẹ sì máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ kí ó lè mọ̀ pé ènìyàn ni yín. Kí ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n kí ẹ má tẹjú mọ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn lọ díẹ̀díẹ̀.

Béárì tó bá fẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró kò tíì bínú. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú òun ni. Èyí tó ń pa eyín pọ̀, tó ń mí kíkan, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ń sọ fún yín pé ẹ ti sún mọ́ òun jù. Ó lè sáré wá, kí ó sì dúró lójijì tàbí kí ó yà kọjá. Ó nira láti dúró wò ó, ṣùgbọ́n ìdúró yẹn gan-an ló yẹ, pẹ̀lú agolo ata lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe ju oúnjẹ tàbí àpò sílẹ̀ fún un kí ẹ lè rí àyè lọ. Àpò tó wà lẹ́yìn yín tún lè dáàbò bo ẹ̀yìn yín.

8. Bí béárì bá kọlù yín

Bí ó bá jẹ́ grizzly tí ẹ pàdé lójijì, tàbí abiyamọ, tí ata kò sì dá a dúró, ẹ dojú bolẹ̀ nígbà tó bá fọwọ́ kàn yín. Ẹ fi àyà àti ikùn lé ilẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀yìn ọrùn, ẹ ya ẹsẹ̀ kí ó má lè yí yín padà ní ìrọ̀rùn, kí ẹ má sì bọ́ àpò kúrò lẹ́yìn yín. Ẹ má ké, ẹ má jà. Ó fẹ́ rí i pé ẹ kì í ṣe ewu mọ́ ni. Bí ó bá ti lọ, ẹ má tètè dìde. Ẹ dúró títí yóò fi dá yín lójú pé ó ti kúrò ní àgbègbè náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá a lọ fún ìgbà pípẹ́ láìdáwọ́ dúró, ẹ jà.

Bí ó bá jẹ́ béárì dúdú, ẹ má ṣe bí òkú rárá. Ẹ jà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́, òkúta, ọ̀pá tàbí ìkòkò, imú àti ojú rẹ̀ sì ni kí ẹ dojú kọ.

Ìkọlù méjì wà tí ìyàtọ̀ irú béárì kò ní ìtumọ̀ nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni béárì tó ń tọ̀ yín lẹ́yìn láìpariwo, tí kò mí kíkan, tí kò sì fi àmì ìbínú kankan hàn. Ọdẹ ló ń ṣe. Ìkejì ni èyí tó wọ inú àgọ́ bá yín lóru. Nínú méjèèjì, grizzly ni o, béárì dúdú ni o, ẹ fín ata sí i, ẹ pariwo, kí ẹ sì jà pẹ̀lú gbogbo agbára yín.

9. Kí ẹ tó kúrò

Bí béárì bá ti gba oúnjẹ yín, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ rìn yí ibi ìdáná po, kí ẹ ṣa gbogbo ẹ̀rún oúnjẹ àti ọ̀rá tó bọ́ sílẹ̀, ẹ̀pà kan ṣoṣo pàápàá, kí ẹ sì kó gbogbo pàǹtírí yín jáde títí dé ibi tí ìjọba gbé ilé ìdalẹ̀nù tí béárì kò lè ṣí sí. Bí béárì bá wọ ibùdó yín, bí ó bá tẹ̀ lé yín, tàbí bí ẹ bá rí òkú ẹran lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ yà ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹ sì sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, aago tó ṣẹlẹ̀, irú béárì náà, bóyá ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, àti bóyá ó rí oúnjẹ jẹ, kí wọ́n lè ti ọ̀nà náà kí àwọn mìíràn tó gba ibẹ̀.